Kí Ló Dé Tí O Kò Sọ Ọ́ Nígbà Náà?

Ní Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilé gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Lunar House. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó sá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ pé àwọn ń wá ibi ìsádi. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé, máa ń bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò le: kí ni orúkọ rẹ, ọ̀nà wo lo gbà wọlé, ta ló mú ọ wá, kí ló dé tí o kò fi lè padà sílé? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ní kí ènìyàn dáhùn ní ṣókí. Obìnrin tó jókòó síwájú tábìlì náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ó lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ògbufọ̀ tí wọ́n pè fún un lórí fóònù lè jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ìlú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ jọ ti àbúrò bàbá rẹ̀. Òun náà á dáhùn ní ṣókí bí wọ́n ṣe ní kó ṣe: "Ẹ̀mí mi wà nínú ewu nílé." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù á gorí oṣù, nígbà mìíràn ọdún á yípo, kí wọ́n tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gidi. Láàárín àkókò yìí, ó ti lè rí agbẹjọ́rò, tàbí dókítà, tàbí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó tì í títí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu rẹ̀: àwọn ológun ló fi ipá bá a lò pọ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ níwájú òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ wo ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wo ti òní, ó sì béèrè ìbéèrè tó ti sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di òpùrọ́ lójú ìjọba: "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà náà?" Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà máa ń dé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbàgbọ́, nítorí pé ohun tó sọ lónìí kò bá ti àná mu.

Ìbéèrè yẹn dún bí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Lójú ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí, ó jọ pé ohun tó burú jù ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ ké jáde. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ló bí i, àwọn tó sì ń béèrè rẹ̀ títí di òní kò ní àwíjàre mọ́ pé àwọn kò mọ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá. Ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Ìkòròdú, ìtàn kan náà ni. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣe ọmọbìnrin, ohùn àkọ́kọ́ tó máa ń gbọ́ nínú ilé ni pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní ta ni yóò fẹ́ ẹ bí ayé bá gbọ́. Bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ ẹbí, àwọn àgbà á kó ara wọn jọ sínú yàrá, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta, wọ́n á fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀. Obìnrin mìíràn á gbé e sínú títí yóò fi ní ọmọ-ọmọ, kó tó sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, lóru, nígbà tí iná ti lọ. Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀fà lẹ́nu obìnrin tó sì rò pé òun ti kà á tán, òun ni kò mọ nǹkan kà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣòro láti sọ fún ìyá tó bí ni lọ́mọ, báwo ni yóò ṣe rọrùn láti sọ fún àjèjì tí kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà?

Èdè gan-an tún wà níbẹ̀. Ìfipábánilòpọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn àti ti ilé ẹjọ́. Lẹ́nu ìyá ẹni àádọ́ta ọdún, ohun tí ènìyàn yóò gbọ́ ni "ó bà mí jẹ́," "ó ṣe mí bó ṣe wù ú," "ojú mi rí màbo." Kí ògbufọ̀ tí kò fara balẹ̀ wá tú "ó bà mí jẹ́" sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè di pé ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ obìnrin náà láìdáa. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà nínú fáìlì. Nígbà tí agbẹjọ́rò bá wá kọ ọ́ bó ti rí gan-an, òṣìṣẹ́ á ní ẹjọ́ ti yí padà. Ó ṣòro láti rí èdè tí kò ní irú àdàpè bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àwùjọ tí ọ̀rọ̀ yìí kì í tì lójú.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2002, Jane Herlihy, Peter Scragg àti Stuart Turner gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ogunléndé láti Kosovo àti Bosnia lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba ti gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílé tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí èrè kankan nínú irọ́ fún wọn. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá lára àwọn tí ìpayà ohun tí ojú wọn rí ṣì wà lọ́kàn wọn jù, bí àkókò bá ti pẹ́ láàárín ìbéèrè méjèèjì. Ní ọdún 2007, Diana Bögner, Herlihy àti Chris Brewin wá wo bí àwọn ogunléndé àti àwọn tó ń wá ibi ìsádi ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú òṣìṣẹ́ Home Office. Àwọn tí wọ́n ti fi ipá bá lò pọ̀ ni ó nira fún jù láti sọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ìtìjú ń dí wọn lẹ́nu, ọkàn wọn sì máa ń fò kúrò níbi tí wọ́n jókòó sí. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń pè ní àmì irọ́, àmì ọgbẹ́ ni.

Kí wá ni ìjọba fi ìmọ̀ yìí ṣe? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2022, òfin tí wọ́n ń pè ní Nationality and Borders Act di òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abala 26 rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ tí ìjọba dá, kí òṣìṣẹ́ àti adájọ́ má fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, àyàfi bí ìdí tó dára bá wà fún ìpẹ́ náà. Àwọn tó gbè sẹ́yìn òfin náà á ní "àyàfi" yẹn ti tó, pé kò sí ẹni tí yóò fi ìyà jẹ obìnrin tí ojú ń tì. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tí kò lè sọ pé wọ́n fi ipá bá òun lò pọ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kó kọ́kọ́ wá fi ẹ̀rí hàn pé kò lè sọ ọ́. Ó ní láti mú ìwé dókítà wá lórí ìtìjú rẹ̀, kí wọ́n tó ṣí etí sí ohun tó ń tì í lójú. Ibo ni yóò ti rí dókítà náà? Ta ni yóò sanwó fún un? Òfin náà ò sọ.

Abala 32 tún le ju ìyẹn lọ. Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹjọ́ ogunléndé, ìwọ̀n náà sì rẹlẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n: kí ó ṣáà ti jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe ní tòótọ́ pé ewu wà. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó sá fún ikú kì í ráyè kó ìwé ẹ̀rí dání. Fún ẹjọ́ tó bá wọlé láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ti pín ìwọ̀n náà sí méjì. Kí wọ́n tó wo ewu ọjọ́ iwájú, obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun jẹ́ ẹni tí òun pe ara òun, àti pé lóòótọ́ ni ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí èyí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwọ̀n ju ìdajì lọ, bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù ní gbangba ọjà lè rí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ lórí, ta ni yóò pè? Ọkùnrin tó ṣe é? Láàárín gbogbo ẹjọ́ tó ń lọ síwájú Home Office, irú èyí ni ẹ̀rí rẹ̀ máa ń ṣọ̀wọ́n jù, òun gan-an sì ni òfin tuntun náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ogunléndé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva lọ́dún 1951, ka ìdí márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn fi lè sá: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti wíwà nínú àwùjọ kan pàtó. Jíjẹ́ obìnrin kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ń ro ọkùnrin tí ìjọba ń lé nítorí ìwé tó kọ tàbí ẹgbẹ́ tó wọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń wá ọ̀nà láti gba ojú ihò "àwùjọ kan pàtó" yẹn mú obìnrin wọlé. Canada ló kọ́kọ́ gbé ìlànà jáde fún un, ní ọdún 1993. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1999 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù, House of Lords, tó gbà pé àwọn obìnrin Pakistan méjì tí ọkọ wọn lé síta pẹ̀lú ẹ̀sùn panṣágà jẹ́ ogunléndé. Ní ọdún 2006, ẹjọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Sierra Leone dé iwájú ilé ẹjọ́ náà. Ó ti sá kúrò ní abúlé nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dábẹ́ fún òun, ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tẹ̀ ẹ́, olórí wọn fi ipá bá a lò pọ̀ léraléra títí ó fi lóyún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2003. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ní kò sí nínú àwùjọ kankan tí àdéhùn náà mọ̀. Àwọn adájọ́ House of Lords fi ohùn kan yí ìdájọ́ náà dànù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọdé yìí fi ń dúró kí àgbàlagbà gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní orúkọ.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, lórí ẹjọ́ obìnrin Kurdish kan tó sá láti Turkey lọ sí Bulgaria, sọ pé gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè kan lápapọ̀ lè jẹ́ àwùjọ kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin Afghanistan, pé kí orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n má tún máa béèrè ẹ̀rí lọ títí lórí ohun tí gbogbo ayé rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú àjọ náà, ìdájọ́ wọ̀nyí kò sì dè é. Ọ̀nà tirẹ̀ lọ síbòmíràn: abala 33 òfin 2022 mú kí ojú ihò náà tún dín, nítorí ó ní obìnrin gbọ́dọ̀ mú ohun méjì ṣẹ pọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ti gbà pé ọ̀kan tó.

Àwọn kan á ní bí obìnrin bá ti yára sọ òótọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti Fauziya Kassindja, ọmọ Kpalimé ní Togo, ìtòsí ibí. Bàbá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n dábẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bàbá kú, àbúrò bàbá lóbìnrin gba àkóso ilé, ó sì fẹ́ fi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fún ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ti ní ìyàwó mẹ́ta. Wọ́n ní wọ́n máa dábẹ́ fún un kó tó wọlé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé e sá lọ sí Gánà, ó sì wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Jámánì. Níbẹ̀ ló ti ra ìwé ìrìnnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ọmọ Nàìjíríà ló sì tà á fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ó gúnlẹ̀ sí Newark ní Amẹ́ríkà. Kò fi ìwé náà tan ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló sọ pé òun ń wá ibi ìsádi.

Èrè òótọ́ rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi tì í mọ́lé, láti àgọ́ ìtìmọ́lé ní New Jersey títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Pennsylvania, láàárín àwọn ọ̀daràn. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1995 ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbàgbọ́. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1996 ni ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ìdájọ́ wọn sì di ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti dúró lé láti ìgbà náà. Àwọn agbẹjọ́rò tó dìde fún un, Layli Miller Bashir tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin nígbà tó gba ẹjọ́ náà, àti Karen Musalo, kò yí òótọ́ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú adájọ́ àkọ́kọ́ ni ìgbìmọ̀ náà gbàgbọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó tì í, ó sì fi sùúrù tò ó. Obìnrin mélòó ni kò rí Karen Musalo tirẹ̀?

Fún àwọn obìnrin Nàìjíríà, ìdáhùn mìíràn tún wà tí Home Office fẹ́ràn. Wọ́n lè gbà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí obìnrin sọ, kí wọ́n sì tún lé e. Wọ́n á ní Nàìjíríà tóbi: bí ẹni tó ń lé e bá wà ní Benin, kó lọ gbé ní Èkó tàbí Àbújá. Ẹni tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò tíì wá ilé rẹ́ǹtì ní Èkó rí. Kí obìnrin tí kò ní ẹbí nílùú dé ọ̀dọ̀ lánlọ́ọ̀dù: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibo ni ọkọ rẹ wà, ìkejì ni ta ni yóò dúró fún ọ. Lẹ́yìn náà ni owó rẹ́ǹtì ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó ajẹ́ǹtì, owó agírímẹ́ǹtì. Ibo ni ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú dá padà pẹ̀lú báàgì kan ti máa rí i? Ọkùnrin tó bá yá a lówó nìyẹn, owó náà sì ní èlé tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí àwọn kan ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ tà wọ́n nìyẹn, tàbí sọ́wọ́ àwọn mìíràn tó ṣe bákan náà.

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì mọ èyí. Ní ọdún 2016, nínú ìlànà tó ṣe lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti fi ṣòwò, ó sọ pé lápapọ̀, kò sí ewu gidi pé àwọn tó kọ́kọ́ tà wọ́n yóò tún wá wọn wá. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé bóyá wọ́n tún lè bọ́ sínú òwò náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wo ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlera rẹ̀, ìwé tó kà, ẹbí tó lè gbà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rọrùn láti dà sínú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀. Ìkejì ń béèrè iṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń rò pé ìbẹ̀rù àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ àlọ́, kó rántí pé ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin fúnra rẹ̀ kó àwọn olórí awo jọ láti tú ìbúra tí wọ́n fi de àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù. Ọba kì í pe awo jọ sí ààfin láti tú ohun tí kò de ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé. Yarl's Wood, ní Bedfordshire, ṣí ní ọdún 2001. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ti àwọn obìnrin tó ń wá ibi ìsádi mọ́lé, àwọn ọkùnrin sì wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ wọn, tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá wọn. Àwọn tí ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba ti fi ipá bá lò pọ̀ nílé, ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba ni wọ́n tún bá níbi tí wọ́n sá wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọn kò jẹ́ kí Rashida Manjoo, aṣojú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ìwà ipá sí obìnrin, wọ ibẹ̀. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ Women for Refugee Women, tí Natasha Walter dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Set Her Free, àwọn obìnrin tí wọ́n ti tì mọ́lé rí ló sì wà níwájú, tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìjọba ní kí Stephen Shaw lọ wo inú àwọn àgọ́ náà. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, ó ní kí wọ́n má ti aláboyún mọ́lé rárá, kí wọ́n sì ka àwọn tí wọ́n ti fi ipá bá lò pọ̀ mọ́ àwọn tí kò yẹ ní àtìmọ́lé. Ìjọba gba ìdajì: aláboyún, wákàtí 72, àyàfi bí mínísítà bá fi kún un, àwọn yòókù, ìlànà kan tó sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi ìpalára obìnrin wọn pẹ̀lú ìfẹ́ ìjọba láti lé e. Èwo ni yóò wúwo jù lórí ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ ìjọba dì mú? Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí àgọ́ mìíràn fún obìnrin, Derwentside, ní County Durham, tó jìnnà sí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò àti sí àwọn ọ̀rẹ́ tó lè wá bẹ̀ wọ́n wò. Òfin kò sì dá iye ọjọ́ tí wọ́n lè lò níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbeja ètò yìí ní ohun kan tí wọ́n máa ń sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ń parọ́. Òótọ́ ni. Àwọn kan ti ra ìtàn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìtàn, wọ́n sì ti há a sórí. Lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gba ìwé ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an lèyí ti máa ń jáde jù, nídìí àpèjẹ, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Gbogbo wọn ni wọ́n ti fi ipá bá lò." Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ bóyá obìnrin tó ń gbé àwo oúnjẹ kọjá lẹ́yìn òun wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé irọ́ wà. Ọ̀nà tí ètò yìí ń gbà wá òpùrọ́ ni ọ̀nà tó dára jù fún òpùrọ́. Ẹni tó ra ìtàn ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò sọ ọ́ tán, déètì kò ní yí, ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni yóò gbàgbé oṣù, tí yóò dákẹ́ láàárín gbólóhùn, tí yóò fi ohun tó burú jù sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn. Ètò tó ń fi ìrántí tó gún wọn òótọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn fún òpùrọ́, ó sì ń tì í mọ́ olóòótọ́. Bákan náà, àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba. Bí wọ́n bá gba òpùrọ́ kan wọlé, ìjọba pàdánù ìwé ìgbélùú kan. Bí wọ́n bá lé olóòótọ́ kan padà, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó bà á jẹ́ ni wọ́n ń gbé e padà sí.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú Home Office. Obìnrin ni kó bi obìnrin ní ìbéèrè, kí ògbufọ̀ náà jẹ́ obìnrin, láìjẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló máa kọ́kọ́ béèrè fún un. Kí agbẹjọ́rò tí ìjọba sanwó fún wà níbẹ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀. Kí ìpẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ má ṣe jẹ́ ẹ̀rí irọ́ mọ́, láìsí àyàfi kankan tí obìnrin yóò máa rọ̀ mọ́. Kí wọ́n pa abala 26 àti 32 rẹ́. Kí wọ́n má ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́lé.

Ó ku ọ̀kan tí kò tilẹ̀ nílò òfin tuntun. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí òfin 2022 jáde, ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba kan náà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Istanbul, àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin. Wọ́n dúró fún fọ́tò. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ abala 59 sílẹ̀, èyí tó dáàbò bo àwọn obìnrin àjèjì tí ìwé ìgbélùú wọn so mọ́ ọkọ tó ń lù wọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwà ipá sí obìnrin burú, bí obìnrin náà bá ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú ilé aṣòfin tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kemi Badenoch ló ń darí ẹgbẹ́ Conservative, ẹgbẹ́ tó ṣe òfin 2022, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Taiwo Owatemi àti Bayo Alaba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Labour. Àwọn ọmọ Yorùbá tún wà ní Peckham, ní Woolwich, ní Thamesmead, ní Dagenham, tí wọ́n ń dìbò, tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń kún lọ́jọ́ Ìsinmi, tí obìnrin tí kò níbi tí yóò sùn sì máa ń wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú wọn. Lẹ́tà sí aṣòfin ẹni kì í gùn ju ojú ewé kan lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé abala 59 nìyí, pé ìjọba tó yọ ọ́ sílẹ̀ lè fi ìkéde kan ṣoṣo dá a padà, kí wọ́n sì bi aṣòfin náà ní ọjọ́ tí ìkéde náà yóò jáde.